Àlùfáà Samuel Johnson, Òǹkọ̀wé Ìtàn Ilẹ̀ Yorùbá

Ẹ̀yin ará wa nínú Kristi, ẹ̀yin tí ẹ ńka ìwé yìí ní ìgboro àti ní àbà, ní Mọ́níyà, ní Lálúpọn, ní Ẹrúnmu àti ní Akanran, púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa ìgbà àwọn bàbá wa, láti ọwọ́ ẹnì kan li ó ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni náà ṣe tíṣà àti katikíìsì ní Ìbàdàn yìí kí a tó fi í jẹ oyè àlùfáà. Samuel Johnson li orúkọ rẹ̀. Ó yẹ kí a mọ ìtàn rẹ̀, nítorí pé ìwé ńlá tí ó kọ ìbá ti ṣègbé, bí kì í bá ṣe ti ohun kékeré kan tí ó ṣe, èyí tí olúkúlùkù wa lè ṣe pẹ̀lú.

A bí i ní Hastings ní ilẹ̀ Sàró, ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà, ọdún 1846. Bàbá rẹ̀, Henry Erúgúnjìnmí Johnson, jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ nínú ìran Aláàfin Abíọ́dún. A kó o lẹ́rú, a sì tà á sí òkun, ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ńdènà òwò ẹrú gbà á sílẹ̀, nwọ́n sì mú un gúnlẹ̀ sí Sàró. Òun àti Sarah aya rẹ̀ tọ́ àwọn ọmọ wọn nínú ẹ̀kọ́ Olúwa. Nínú wọn ni Henry wà, ẹnití ó di àgbà òṣìṣẹ́ Ìjọ ní ọ̀nà Odò Ọya, àti Nathaniel, àlùfáà ní Èkó, àti Samuel, àti Obadiah, ẹnití ó di oníṣègùn.

Li ọdún 1858 ni ìdílé náà wá sí Ìbàdàn láti ran Àlùfáà David Hinderer lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ ìhìnrere ní Kúdẹtì. Samuel jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà náà. Kò pẹ́ tí ogun Ìjàyè fi bẹ́ sílẹ̀ li ọdún 1860. Ọ̀nà etí òkun dí. Owó kò lè wọlé, ìwé kò lè wọlé. Hinderer àti aya rẹ̀ ńta ẹrù ilé wọn kí àwọn ọmọ tí ó wà lọ́dọ̀ wọn lè rí jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ yìí ti fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ogun ńṣe sí ènìà kí ó tó mọ̀ pé òun yíò kọ ọ́ sílẹ̀.

Li ọdún 1863 ó wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti C.M.S. ní Abẹ́òkúta, níbití Bühler, ará Jámánì, ti ńkọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin. Nígbàtí ó parí, ó padà sí Ìbàdàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà li ọdún 1866. Li ọdún 1875 ó di katikíìsì, ó sì ńtọ́jú ìjọ Arẹ̀mọ. Àṣà Ẹgbẹ́ C.M.S. ni pé kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa kọ ìròhìn iṣẹ́ wọn: ilé tí nwọ́n wọ̀, ẹnití nwọ́n bá sọ̀rọ̀, èsì tí ó fún wọn. Iṣẹ́ yìí li ó kọ́ ọwọ́ rẹ̀ ní ìwé kíkọ, tí ó sì kọ́ etí rẹ̀ ní gbígbọ́.

Kì í ṣe inú ìwé àwọn òyìnbó li ó ti ṣa ìtàn rẹ̀ jọ. Ó jókòó ti David Kúkọmì, àgbà ìjọ Ìbàdàn, ẹnití ó ti jagun ní ìgbà èwe rẹ̀. Ó bi Josiah Òní, oníṣòwò tí kì í bẹ̀rù ọ̀nà, léèrè. Ó tọ Tìmì Lágúnjú ti Ẹdẹ lọ, ẹnití gbogbo ènìà mọ̀ fún ìmọ̀ ìtàn. Ó sì gbọ́ ti ẹnu àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́, àwọn tí í máa pa ìtàn ọba mọ́ láti ìran dé ìran. Lára àwọn wọ̀nyí, ẹlòmíràn kò mọ̀wé rárá, ṣùgbọ́n Johnson kà wọ́n sí olùkọ́ rẹ̀.

A fi í jẹ díákónì li ọdún 1880, a sì rán an lọ sí Ọ̀yọ́ li ọdún 1881. Li ọdún 1888 li ó di àlùfáà. Ní gbogbo ìgbà yìí ogun Kírìjì ńlọ lọ́wọ́ láàrin Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀. Aláàfin Adéyẹmí rán an níṣẹ́ àlàáfíà sí Gómìnà ní Èkó. Li ọdún 1886 òun àti Àlùfáà Charles Phillips ti Oǹdó di ońṣẹ́ Gómìnà sí ibùdó ogun méjèèjì, títí a fi fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún náà. Ogun náà kò tán pátápátá títí di ọdún 1893, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ ìtàn rẹ̀ wà nínú àwọn tí ó làkàkà láti pa á.

Li ọdún 1897 ó parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe ti ọba àti ogun nìkan li ó wà nínú rẹ̀. Ó kọ nípa orúkọ àmútọ̀runwá àti oríkì, nípa ìgbéyàwó àti ìsìnkú, nípa ilẹ̀ àti oko ríro, nípa ìwọ̀fà, nípa èésú àti àjọ, àti nípa ológò tí í jókòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè. Ó kọ bí Òwu ṣe tú, bí àwọn ìlú Ẹ̀gbá tí ó wà ní agbègbè wa yìí ṣe di ahoro, bí àwọn ọmọ ogun ṣe tẹ̀dó sí Ìbàdàn, àti bí Ẹrúnmu ṣe bọ́ sọ́wọ́ ogun. Orí ilẹ̀ náà gan-an ni a ńgbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo lónìí.

Nísisìyí ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Li ọdún 1899 a fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí Ìlú Òyìnbó fún títẹ̀, ó sì nù níbẹ̀. Nígbàtí Obadiah béèrè rẹ̀ li ọdún 1900, èsì tí ó gbà ni pé a kò rí i. Samuel kú ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin, ọdún 1901, li ọmọ ọdún 54, láì fi ojú rí ìwé rẹ̀. Iṣẹ́ ogún ọdún ati jù bẹ́ẹ̀ lọ ìbá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pa àwọn àkọsílẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ mọ́, èyí tí ó kún fún gígé àti àtúnkọ. Ohun kékeré tí mo wí nìyẹn. Láti inú wọn ni Obadiah ti tún gbogbo ìwé náà kọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1916 a fi í ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ Appam. Ọkọ̀ ogun Jámánì tí a ńpè ní Moewe mú Appam lójú òkun, a sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ó tó bí ọdún méjì kí ìwé náà tó dé ọwọ́ àwọn òǹtẹ̀wé. Ìwé títẹ̀ sì ti wọ́n nítorí ogun, a ní láti dúró. Obadiah kú li ọdún 1920. Li ọdún 1921 ni ìwé náà jáde, nígbàtí àwọn méjèèjì tí ó ṣe làálàá rẹ̀ ti wà ní ibojì.

Ìwé náà ní àbùkù tirẹ̀. Ojú ọmọ Ọ̀yọ́ li ó fi wo ọ̀ràn púpọ̀, nítorí náà li àwọn ará ilẹ̀ Yorùbá mìíràn fi ńwí pé a kò sọ tiwọn tán. Àwọn baálẹ̀ àbà, àwọn obìnrin tí ńru ẹrù lọ sí ọjà, àwọn ìwọ̀fà tí ńro oko olóko, nwọ́n wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ogun àti oyè ni a ti ńrí wọn. Isaac Babalọlá Akínyẹlé tẹ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn jáde ní èdè wa li ọdún 1911, kí ti Johnson tó jáde. Òun náà li ó di Olúbàdàn li ọdún 1955. Síbẹ̀, ìtàn ọ̀pọ̀ abúlé wa kò tíì wọ inú ìwé kankan.

Ẹ̀yin ará, ilé ti ńgba oko lọ ní Akínyẹlé, ní Lágelú, ní Ẹgbẹ́dá àti ní Ọ̀nà-Àrá. Àwọn tí ó mọ ẹnití ó kọ́kọ́ fi àdá lu igbó, agbo ilé tí ó ti wá ní Ìbàdàn, ibi tí ààlà wà, àti ẹnití ó fi ilẹ̀ tọrẹ fún ilé Ọlọ́run, nwọn kò pọ̀ mọ́. Ẹ tọ̀ wọ́n lọ. Kí ọmọ tí ó mọ̀wé jókòó ti ìyá àgbà, kí ó kọ ohun tí ó wí, kí ó kọ orúkọ ẹnití ó sọ ọ́ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Kí ẹ kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì, kí ọ̀kan wà nínú àpótí ìjọ, kí ẹ má sì jó èyí tí ẹ kọ́kọ́ kọ.

Kí Olúwa, ẹnití ó fi sùúrù fún ìránṣẹ́ rẹ̀ láti gbọ́ àti láti kọ, fi irú rẹ̀ fún wa. Àmín.