Baba Tó Wà Lára Alábùkún

Ó ṣòro kéèyàn wọ kẹ́mísì ní Ìwó kó má rí Alábùkún. Ẹ̀gbẹ́ parasitámọ́ọ̀lù àti àgbo inú ike ló máa ń wà. Àwọn kan ní kíláàsì wa gbà pé àgbo lòun náà, torí orúkọ Yorùbá tó ń jẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ìtàn ẹni tó ṣe é.

Ìkòròdú ni wọ́n bí Jacob Sogboyega Odulate sí ní 1884. Ìtàn sọ pé ọmọ ọdún 14 péré ni nígbà tó fẹsẹ̀ rìn lọ sí Abẹ́òkúta, oṣù mẹ́ta ló sì lò lójú ọ̀nà. Abẹ́òkúta yẹn ló fìdí sí. Ní 1918 ló gbé Alábùkún jáde, àwòrán ara rẹ̀ ló sì fi sí i. Blessed Jacob ni wọ́n ń pè é. Ó tún máa ń tẹ Alábùkún Almanac. Ọmọ rẹ̀ ni Folake Solanke, obìnrin àkọ́kọ́ tó di SAN ní Nàìjíríà, ní 1981. Baba náà kú ní 1962, ṣùgbọ́n ọjà rẹ̀ ò kú.

Kí ló wà nínú rẹ̀ gan-an? Kì í ṣe ewé, kì í ṣe egbò. Asipírìnnì ni, èyí tí àwọn ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1899, pẹ̀lú kaféènì, irú èyí tó wà nínú obì.

Ará Jámánì mìíràn wà, Samuel Hahnemann, tó kú ní 1843. Òun ló dá hòmíópátì sílẹ̀. Ó gbà pé bí wọ́n bá ṣe ń bu omi la oògùn tó ni agbára rẹ̀ ń pọ̀ tó. Nínú òmíràn, oògùn kankan kì í ṣẹ́ kù mọ́. Síbẹ̀, àwọn kẹ́mísì kan ní Yúróòpù ń tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn gidi. Ẹ ò rí i pé wíwà lórí àtẹ kan náà ò sọ oògùn méjì di ìkan náà.

Ti Alábùkún yàtọ̀: oògùn gidi ni, torí náà ó lè ṣe èèyàn léṣe. Asipírìnnì lè dá egbò sí èèyàn nínú. Àwọn dókítà sì ń kìlọ̀ pé kí ọmọ tí kò tíì pé 16 má lò ó àyàfi bí dókítà bá ní kó lò ó. Púpọ̀ nínú wa nìyẹn o! Ẹni tó ń fi mínírà pò ó kó lè kàwé mọ́jú, orúkọ ìbùkún ò ní gbà á sílẹ̀.

Mo kan sáárá sí Baba Odulate. Ẹni tó bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀, kó ka ohun tí wọ́n kọ sára bébà náà kó tó já a.