Dúró Ládípọ̀: ìtàn Òkè-Ògùn ló fi ṣílé eré

Bí wọ́n bá ń dárúkọ àwọn àgbà tó kọ eré Yorùbá, orúkọ olóògbé Dúró Ládípọ̀ kì í gbẹ́yìn. Ọba Kòso ni gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ní Òkè-Ògùn ò mọ̀ ni pé kí Ọba Kòso tó dé, ìtàn Ìgbòho, ìlú tí kò jìnnà sí Ìràwọ̀ wa níbí, ló kọ́kọ́ fi ṣí ilé eré rẹ̀. Ìdí tí mo fi fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin yìí lónìí nìyẹn.

Òṣogbo ni wọ́n bí i sí. Katikíìsì ìjọ Áńgílíkà ni bàbá rẹ̀. Ẹ wo orúkọ tí wọ́n sọ ọ́: Dúródọlá, Dúróṣọmọ, Dúróoríìkẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá ti mọ̀ pé àbíkú ti fojú àwọn òbí yẹn rí nǹkan. Ẹ̀bẹ̀ ni gbogbo orúkọ náà. Ọmọ sì gbẹ̀bẹ̀, ó dúró. Nígbà tó dàgbà, ó ṣe tíṣà, ó sì ń kọ orin fún ìjọ.

Orin yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Lọ́dún 1961, ó gbé orin Àjíǹde kalẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì l'Óṣogbo, ó sì kó ìlù Yorùbá mọ́ ọn. Láyé ìgbà yẹn, lójú ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́, ìlù tàwọn abọ̀rìṣà ni, dùùrù ló yẹ ilé Ọlọ́run. Àríwísí pọ̀. Ẹlòmíì ì bá ti gbé ìlù jù sílẹ̀. Ládípọ̀ ò jẹ́ ju ìlù sílẹ̀, ńṣe ló wá ibòmíì gbé e lọ. Ulli Beier, ará Jámánì tó ń gbé Òṣogbo nígbà yẹn, bá a ṣètò kí wọ́n lè ṣe orin náà ní ẹgbẹ́ Mbari n'Ìbàdàn.

Ibẹ̀ ló ti rí i pé irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣeé ní l'Óṣogbo náà. Kò dúró de ìjọba kó bá òun kọ́ gbọ̀ngàn. Ó ní ilé ọtí kan tó ń jẹ́ Popular Bar, ilé ọtí yẹn ló sọ di ilé eré. Ọ̀rọ̀ Ígbò ni Mbari, àmọ́ etí Yorùbá làwọn ará Òṣogbo fi gbọ́ ọ, wọ́n sọ ọ́ di Mbari Mbayo, ìyẹn ni pé béèyàn bá rí i, yóò yọ̀. Oṣù kẹta ọdún 1962 ni wọ́n ṣí i, eré tí wọ́n sì fi ṣí i ni Ọba Mọ́rọ̀.

Ìtàn Aláàfin Abípa ni. Ìgbòho ni àwọn Aláàfin fi ṣe ibùjókòó lẹ́yìn tí ogun Tápà lé wọn kúrò l'Ọ́yọ̀ọ́-Ilé. Igbó Ọba tí wọ́n sin wọ́n sí ṣì wà níbẹ̀ dòní. Abípa fẹ́ kó ìlú padà sílé, àwọn ìjòyè ò fẹ́. Ni wọ́n bá kó abuké, àfín àtàwọn míì lọ sí ahoro Ọ̀yọ́ lóru pé kí wọ́n ṣe bí iwin, kí ẹ̀rù lè ba ọba. Ọba rán àwọn ọdẹ, wọ́n mú gbogbo iwin náà wálé. Bó ṣe di ọba tó mú ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Lọ́dún 1963, Ọba Kòso dé, ìtàn Ṣàngó pẹ̀lú Tìmì àti Gbọ́nkàá. Ládípọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe Ṣàngó, Abíọ́dún ìyàwó rẹ̀ ń ṣe Ọya. Níbí ni iṣẹ́ òǹkọ̀wé eré wà gan-an. Kò jókòó sílé kó máa ro bí ọba ṣe ń sọ̀rọ̀. Oríkì àti bàtá tó wà lẹ́nu àti lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n ló lọ kó wá sórí ìtàgé. Lọ́dún 1964, eré náà dé Berlin. Lọ́dún 1965, ó dé ìlú ọba. Lọ́dún 1975, ó dé Amẹ́ríkà. Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá jókòó wò ó.

Kì í ṣe ìtàn àtijọ́ nìkan ló mọ̀ ọ́n kọ o. Ọba Wàjà dá lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́ lójú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí aláṣẹ òyìnbó kò jẹ́ kí Olókùn Ẹṣin bá ọba lọ. Lẹ́yìn ọdún bíi mọ́kànlá ni Wọlé Ṣóyínká tẹ ìwé tirẹ̀ lórí ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n gbòde, Ládípọ̀ ò bá a jà. Ó ṣe Bódé Wásinmi fún un. Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta ọdún 1978 ló jáde láyé.

Àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń gbé ìwé eré wá bá mi. Wọ́n á ní gbọ̀ngàn ò sí, iná ò dúró, dátà wọ́n, àti pé ẹni tó ń ra eré fẹ́ẹ̀ẹ́ má san nǹkan kan. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú ìwé wọn yàtọ̀ síyẹn. Ọdẹ inú eré wọn ò mọ ìjálá. Ọba inú eré wọn ń sọ̀rọ̀ bí ọba inú fíìmù tí wọ́n wò lánàá. Bẹ́ẹ̀, àwọn ọdẹ àgbà ṣì wà láàárín wa, àwọn tó lè ki oríkì ilé wọn délẹ̀ ṣì wà. Wọn ò ní pẹ́ tán.

Fóònù tí ẹ fi ń wo eré lè gba ohùn sílẹ̀. Ẹ mú obì dání, ẹ tọrọ àyè, ẹ fún àgbà lówó iṣẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú eré náà. Gbọ̀ngàn lè pẹ́ kó tó dé Ìràwọ̀; ilé ọtí kan ti ṣe é rí. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá bá àgbà wọlẹ̀, kò sí ilé tá a máa rí ọ̀rọ̀ yẹn yá.