George Barker Jeffery: Onímọ̀ Ìṣirò Tó Dá sí Ọ̀rọ̀ Ìwé Ẹ̀rí Wa

Èsì WAEC ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi wọ ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣirò yìí. Síbẹ̀, mo rí i pé díẹ̀ nínú wa ló mọ̀ pé onímọ̀ ìṣirò kan wà nídìí ìbẹ̀rẹ̀ àjọ náà. George Barker Jeffery ni.

Ìlú London ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1891. Ó kàwé ní University College, ó sì kọ́ṣẹ́ olùkọ́ fún ọdún kan. Ọmọ ọdún 23 péré ni nígbà tí ogun 1914 gbé ọ̀gá rẹ̀ lọ, tí wọ́n fi iṣẹ́ ẹ̀ka wọn sílẹ̀ fún un. Quaker ni, kò gbà láti jagun, èyí sì gbé e dé ẹ̀wọ̀n fúngbà díẹ̀ ní 1916. Lẹ́yìn ogun, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n. Òun àti W. Perrett ló túmọ̀ àwọn iṣẹ́ Einstein lórí relativity sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní 1923. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ka ìṣàn omi, òun ni Jeffery inú Jeffery–Hamel flow.

Ní 1945, ó di olùdarí Institute of Education ní London. Lásìkò náà, ìdánwò Cambridge ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama wa ń ṣe. Àbá ti wà pé kí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní àjọ ìdánwò tirẹ̀. Jeffery ni wọ́n rán wá ní ìparí 1949 kó wádìí rẹ̀. Ìròyìn tó kọ ní 1950 fara mọ́ àbá náà. Ní 1952, WAEC bẹ̀rẹ̀ fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia, pẹ̀lú olú ilé iṣẹ́ ní Accra. Jeffery kú ní 1957.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìwé ẹ̀rí dà bí owó: ẹni tó máa gbà á ló ń fún un níyì. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi já Cambridge sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó ṣì bá àjọ tuntun náà ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀. Lónìí tí a ń jiyàn lórí ìdánwò orí kọ̀ǹpútà àti màgòmágó, ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì yí padà. A lè pààrọ̀ orúkọ ìwé ẹ̀rí, bí SSCE ṣe rọ́pò WASC. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń gbà á kò bá fọkàn tán ọwọ́ tó máàkì rẹ̀, bébà lásán ni.