Múdà Lawal: Láti Ìdí Mọ́tò Dé Orí Pápá

Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lórí pátákó wa lọ́sẹ̀ yìí ni Mudashiru Babátúndé Lawal, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Múdà Lawal. Ó ti pẹ́ tó ti kú. Kò sí ìkankan nínú àwa ọmọ kíláàsì tó bá a láyé. Àmọ́ ẹ dárúkọ rẹ̀ fún àwọn bàbá tó ń gbọ́ bọ́ọ̀lù lórí rédíò nígbà náà, kẹ́ ẹ wá wo bí ojú wọn á ṣe tàn.

Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1954. Kò bẹ̀rẹ̀ bíi gbajúmọ̀ rárá. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ló ń ṣe, tẹníìsì orí tábìlì ló sì ń gbá kó tó di agbábọ́ọ̀lù. Àwọn kan nínú wa á ní kí ló kan bọ́ọ̀lù nínú ìyẹn. Èmi rò pé ó kàn án dáadáa. Ẹni tó ń gbá tẹníìsì gbọ́dọ̀ ní ojú tó yá àti ẹsẹ̀ tó fúyẹ́, torí bọ́ọ̀lù kékeré yẹn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń tú ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ní sùúrù, kó sì mọ bí irin kan ṣe ń fa ìkejì. Àárín pápá ni Múdà ń gbá, àárín pápá ni ẹ́ńjìnnì ẹgbẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ará ẹ̀yìn tí wọ́n fi ń fún ará iwájú.

Ní Kánádà, níbi tí wọ́n ti ń gbá họ́kì lórí yìnyín, ọmọ ọdún 16 tó bá mọ eré náà lè kúrò nílé lọ bá ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìlú mìíràn. Ìdílé kan níbẹ̀ á gbà á sílé, á máa gbá họ́kì, á sì máa lọ sílé ìwé. Àkàbà ti wà nílẹ̀ fún un, gígùn ló kù. Ti Múdà kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí mọ́tò ni àkàbà tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìbàdàn ló ti di olókìkí, nínú ẹgbẹ́ IICC Shooting Stars. Lọ́dún 1976, Shooting Stars gba ife-ẹ̀yẹ àwọn tó gba ife orílẹ̀-èdè wọn ní Áfíríkà. Tonnerre ti Yaoundé ní Kamẹrúùnù ni wọ́n bá pàdé ní àṣekágbá. Wọ́n fi góòlù 4 sí 1 nà wọ́n nílé, wọ́n pàdánù 1 sí 0 lóde, síbẹ̀ ife náà di tiwọn. Ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan kò tíì gba irú ife bẹ́ẹ̀ rí. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n pín Western State sí mẹ́ta, tí Èkìtì wa bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìyẹn ni pé kó tó di ọdún náà, Ìbàdàn ni olú-ìlú tiwa náà.

Ní Green Eagles, Múdà lọ sí ìdíje Ife Ilẹ̀ Áfíríkà márùn-ún léraléra: 1976, 1978, 1980, 1982 àti 1984. Ẹ tún ìyẹn kà dáadáa o. Ní 22 oṣù kẹta 1980, ní Sùúrùlérè, Nàìjíríà na Àlùjíríà 3 sí 0, a gba ife náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Múdà gbá ẹ̀kẹta. Lọ́dún 1984 ní Abidjan, Múdà ló kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé ní àṣekágbá, ṣùgbọ́n Kamẹrúùnù dá mẹ́ta padà. Àṣekágbá méjì, góòlù méjì: ọ̀kan mú ayọ̀ wá, èkejì ò lè gbà wá.

Ó kú ní 6 oṣù keje 1991. Ọmọ ọdún 37 péré ni. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá ìṣeré tó wà ní Aṣẹ́rò, l'Ábẹ́òkúta.

Ìdí tí mo fi kọ èyí rèé. Mo mọ ọmọ kan tó mọ bọ́ọ̀lù ju gbogbo wa lọ, lóòótọ́ ni. Ẹnì kan ti sọ fún un pé òun jẹ́ ejẹ́ǹtì, pé òun á mú un lọ sí Yúróòpù tó bá mú owó wá. Ọmọ náà fẹ́ kí ìyá rẹ̀ fi owó WAEC san án. Ọjọ́ ìdánwò ò sì jìnnà mọ́.

Ohun tí mo rí nínú ayé Múdà ni pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbé e lọ, iṣẹ́ ọwọ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹsẹ̀ náà tó di olókìkí. Ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù kì í pẹ́ kó tó rẹ̀. Odindi Múdà, bí ọdún mẹ́wàá ló fi wọ aṣọ Nàìjíríà. Èmi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbá bọ́ọ̀lù o, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ WAEC ná. Pápá wa ò ní sá lọ, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbá lóṣù kárùn-ún á ṣì mọ̀ ọ́n gbá lóṣù keje. Owó tí ìyá ẹni bá kó fún àjèjì ni kì í sábà padà wálé.