William Wadé Harris àti Ìgboyà Nínú Àdúrà

Bí a bá ń sọ nípa ìgboyà tí onígbàgbọ́ fi ń súnmọ́ ìtẹ́ oore-ọ̀fẹ́, èyí tí ìwé Heberu orí kẹrin fi kọ́ wa, ó yẹ kí a rántí William Wadé Harris, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn yí ọ̀sà Abidjan ká ní ọdún 1913 àti 1914.

Ọmọ Grebo ni, láti ìtòsí Cape Palmas ní ilẹ̀ Làìbéríà; a bí i ní nǹkan bí ọdún 1860. Ó ṣe bíríkìlà, ó ṣe olùkọ́ ní ilé-ìwé ìjọ, ó sì ṣe ògbufọ̀ fún ìjọba. Ní 1909 ó lòdì sí ìjọba ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Nínú ẹ̀wọ̀n yìí ni ó ti rí ìran tí ó kà sí ìpè Ọlọ́run. Ní 1913 ó kọjá sí Côte d'Ivoire pẹ̀lú ẹ̀wù funfun, ọ̀pá àgbélébùú, igbá omi àti Bíbélì.

Àwọn Ebrié ni ó ni ilẹ̀ tí a tẹ Abidjan dó sí. Wọ́n mọ̀ pé Ọlọ́run wà, ṣùgbọ́n ẹ̀mí inú ọ̀sà àti inú igbó ni wọ́n ń bọ. Èyí kò ṣàjèjì sí wa: ta ni nínú àwọn baba wa tí í wọ ààfin láìkọ́kọ́ rí ìlàrí? Harris sọ fún wọn pé kí wọ́n sun òrìṣà àti oògùn wọn, kí wọ́n gba ìrìbọmi, kí wọ́n sì kúnlẹ̀ bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ fúnra wọn, láìrúbọ, láìsanwó. Lẹ́yìn ìrìbọmi, ó máa ń gbé Bíbélì lé wọn lórí.

Ẹ̀yin atúmọ̀, ẹ kíyèsí èyí: Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń wàásù, ògbufọ̀ sì ń gbé e fún àwọn ènìyàn. Síbẹ̀ kò sọ Gẹ̀ẹ́sì di èdè àdúrà. Ó kọ́ wọn pé Ọlọ́run gbọ́ èdè wọn, àti pé kí wọ́n fi ohùn orin ìbílẹ̀ wọn yìn Ín.

Ó lé ní 100,000 ènìyàn tí ó gba ìrìbọmi láàárín nǹkan bí ọdún kan àbọ̀. Àwọn kan ń ṣàríwísí pé ó yá a lára jù láti ṣe ìrìbọmi, àti pé kò lé olóbìnrin púpọ̀ sẹ́yìn. Lójú tiwa, ìbéèrè náà tọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti sun òrìṣà rẹ̀ lónìí, níbo ni ìbá fara pamọ́ sí di ọ̀la?

Ní òpin 1914, nígbà tí ogun àgbáyé ti bẹ̀rẹ̀, Gómìnà Angoulvant bẹ̀rù ìpéjọpọ̀ wọ̀nyí. Wọ́n mú Harris, wọ́n nà án, wọ́n sì lé e padà sí Làìbéríà. Wọ́n wó ọ̀pọ̀ ilé àdúrà pẹ̀lú.

Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ni agbo náà fi wà láìsí olùṣọ́. Kò sí Bíbélì ní èdè Ebrié, bẹ́ẹ̀ àwa Yorùbá ti ní odindi tiwa láti 1884. Nígbà tí ajíhìnrere Mẹ́tọ́díìsì W. J. Platt ti Dahomey dé ọ̀dọ̀ wọn ní nǹkan bí 1924, ó bá wọn tí wọ́n ṣì ń pàdé. Níbòmíràn Bíbélì wà lórí tábìlì, kò sì sí ẹni tí ó lè kà á. Wọ́n ń gbàdúrà síbẹ̀.

Ní 1926 Harris gbà wọ́n níyànjú láti darapọ̀ mọ́ Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Ní 1928 Jonas Ahui ti Petit-Bassam bẹ̀ ẹ́ wò, ó sì gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni Ìjọ Harris ti gbilẹ̀. Harris sùn ní 1929, nínú òṣì. Ìjọ méjèèjì ṣì wà ní Abidjan, àwọn Ebrié tí ń bẹ nínú Ìjọ Harris sì ń fi èdè baba wọn kọrin sí Ọlọ́run.