ÌTÀN ÌGBÉSÍ AYÉ RAMÓN Y CAJAL, ẸNI TÓ MỌ BÍ IṢAN ỌPỌLỌ ṢE Ń DÀGBÀ

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run.

Ọlọ́hun pè wá láti máa ronú sí ìṣẹ̀dá Rẹ̀, àti èyí tó wà ní sánmọ̀ àti èyí tó wà nínú ara wa. Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lóṣù yìí kì í ṣe Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n bí omi kànga bá mọ́, a kì í bi ẹni tó gbẹ́ ẹ léèrè ẹ̀sìn rẹ̀ kí a tó pọn ọ́n mu.

Santiago Ramón y Cajal ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 1852 ni wọ́n bí i ní abúlé Petilla ní orílẹ̀-èdè Sípéènì. Zaragoza ló ti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ìlú tó wà lábẹ́ ìjọba Mùsùlùmí títí di ọdún 1118, níbi tí wọ́n bí Ibn Bajja, àgbà onímọ̀ wa, sí.

Ọmọ tó ya ìpáǹle ni Cajal ní kékeré. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 11, ó fúnra rẹ̀ ṣe àgbá kan, ó fi fọ́ ilẹ̀kùn ọgbà aládùúgbò wọn, wọ́n sì tì í mọ́lé. Àwòrán yíyà ló gbà á lọ́kàn. Baba rẹ̀, Justo, tó jẹ́ oníṣègùn, ka èyí sí ìfàkókòṣòfò, ó sì fi í kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ àti lọ́dọ̀ aránbàtà. Nígbà tó di ọmọ ọdún 16, baba yìí kan náà mú un lọ sí itẹ́ òkú láti wá egungun tí yóò máa yà. Ibẹ̀ ni ọwọ́ tó ń ya àwòrán ti bá ìmọ̀ ìṣègùn pàdé. Ní 1873, Cajal di dókítà.

Wọ́n mú un wọ iṣẹ́ ológun, wọ́n sì rán an lọ sí Kúbà ní 1874, nígbà tí ogun ń jà níbẹ̀, tí àwọn ọmọ Yorùbá púpọ̀ sì wà lóko ẹrú. Ibà àti ìgbẹ́-ọ̀rìn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó darí sílé ní 1875, ó sì fi lára owó iṣẹ́ ogun náà ra máíkírósíkóòpù, awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ní 1885, nígbà tí àrùn onígbáméjì ń jà ní Valencia, ó ṣe ìwádìí lórí rẹ̀, ìjọba agbègbè Zaragoza sì fi máíkírósíkóòpù tó dára jùyẹn lọ ta á lọ́rẹ.

Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé iṣan inú ọpọlọ so pọ̀ mọ́ra bí àwọ̀n apẹja. Ọ̀kan lára wọn ni Camillo Golgi, ará Ítálì, tó ti rí ọ̀nà ní 1873 láti fi oògùn tó ní fàdákà nínú kun ìwọ̀nba sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ dúdú. Ní 1887, Luis Simarro fi iṣẹ́ ọ̀nà yìí han Cajal ní Madrid. Ṣùgbọ́n nínú ọpọlọ ẹranko tó ti dàgbà, ọ̀rá ti bo ọ̀pọ̀ okùn iṣan, kì í jẹ́ kí oògùn náà mú wọn dáadáa, àwọn okùn náà sì ti lọ́ mọ́ra bí ìtàkùn iṣu nínú oko.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Cajal lọ wo ọlẹ̀ ẹyẹ tó wà nínú ẹyin, nígbà tí okùn iṣan ṣì kúrú, tí ọ̀rá kò tíì bò ó. Ó rí i pé sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan dá dúró, ó ń fara kan ẹnìkejì rẹ̀ láìlẹ̀ mọ́ ọn. Ní 1888, ó dá ìwé ìròyìn ìmọ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó fi owó ara rẹ̀ tẹ 60 ẹ̀dà, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Silveria, ìyàwó rẹ̀, ló ń fi ìwọ̀nba owó tó kù gbọ́ bùkátà ilé.

Àwọn tó kà á kò pọ̀. Ní 1889, ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ìpàdé àwọn onímọ̀ ní Berlin ní Jámánì, ó sì fà wọ́n wá wò ó lábẹ́ awò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kölliker, àgbà onímọ̀ tó ti lé ní 70 ọdún, tó ti gba ti àwọn alátakò gbọ́ tẹ́lẹ̀, wò ó, ó sì yí ọkàn padà.

Ní 1890, Cajal ṣàlàyé ohun mìíràn: ṣóńṣó okùn iṣan tó ń dàgbà wú díẹ̀, ó ń táràrà bí ọwọ́ afọ́jú tó ń wá ọ̀nà. Ní 1892, ó dábàá pé àwọn èròjà kan ló ń fà á lọ síbi tó yẹ. Ní 1907, Ross Harrison ní Amẹ́ríkà rí iṣan ọlẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ tó ń dàgbà láàyè. Ní 1994, àwọn onímọ̀ rí purotéènì kan tó ń ṣe amọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ní 1996, wọ́n mọ purotéènì tó ń gbà á lálejò. Inú awọ fẹ́lẹ́ tó bo ṣóńṣó náà ni èyí wà, bí adènà: bí amọ̀nà bá kàn án, yóò fi iṣẹ́ jẹ́ sínú, ṣóńṣó náà yóò sì yà síbi tó yẹ.

Ní 1906, Cajal àti Golgi jọ gba ẹ̀bùn Nobel. Níbi ayẹyẹ náà gan-an, Golgi ṣì tako ọ̀rọ̀ Cajal. Cajal kò tìtorí èyí sẹ́ pé ọ̀nà tí Golgi rí ni òun fi ṣiṣẹ́. Ó kú ní Madrid ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 1934. Ní àwọn ọdún 1950, máíkírósíkóòpù tó lágbára jù fi hàn pé àlàfo wà láàárín sẹ́ẹ̀lì níbi tó pọ̀ jù lọ tí wọ́n ti ń pàdé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, Golgi ló kọ́kọ́ ní irinṣẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó ti gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀ bo ojú rẹ̀. Ẹni tí kò ní púpọ̀ ló tún un wò dáadáa. Nítorí náà, ẹ má ṣe dúró de ilé ìwádìí ńlá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí òtítọ́ bá sì tako èrò yín, ẹ ṣe bíi Kölliker, ẹ gbà á. Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ìbínú pa ẹ̀bùn ọmọ yín.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tó wúlò, kó sì fún wa ní ọkàn tó ń gba òtítọ́. Àmín.