Ẹni tí Kò Fi Ẹsẹ̀ Tẹ Ilẹ̀ Wa: Ìgbé-ayé Bíṣọ́ọ̀bù Melchior de Marion Brésillac

Bí a ti ń dúpẹ́ júbílì ìjọ wa, ó tọ́ kí a rántí ẹni tí ó fúnrúgbìn ohun tí a ń kórè, bí kò tilẹ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wa rí. Òun ni Bíṣọ́ọ̀bù Melchior de Marion Brésillac, tí ó dá ẹgbẹ́ àwọn míṣọ́nnárì SMA sílẹ̀.

A bí i ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún 1813 ní Castelnaudary, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, nínú ìdílé ọlọ́lá. Ó gba oyè àlùfáà ní ọdún 1838, wọ́n sì fi í sí ìjọ kan ní ìlú rẹ̀ gan-an. Ibẹ̀ tù ú lára, àwọn òbí rẹ̀ sì wà nítòsí. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, nítorí ó gbà pé Ọlọ́run ń pè é sí ọ̀dọ̀ àwọn tí kò tíì gbọ́ Ìhìnrere. Bàbá rẹ̀ kò fẹ́ kí ó lọ. Síbẹ̀ ó fi ilé sílẹ̀ ní ọdún 1841, bí Abrahamu ti ṣe, ó sì wọ ọkọ̀ lọ sí Íńdíà ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Níbẹ̀ ni ó ti di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1846. Ohun tí ó gbà á lọ́kàn jù lọ ni pé kí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà di àlùfáà. Lójú rẹ̀, Ìjọ kò tíì ta gbòǹgbò níbi tí àwọn ọmọ ibẹ̀ kò bá tíì máa rú ẹbọ Mísà lórí pẹpẹ fúnra wọn. Kì í ṣe gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó fara mọ́ èyí. Àríyànjiyàn lórí àwọn àṣà ilẹ̀ náà tún wọ̀ ọ́ lọ́kàn, ó sì bẹ Róòmù pé kí wọ́n gba ẹrù náà lọ́wọ́ òun. Wọ́n gbà fún un ní ọdún 1855.

Ó lè sinmi ní ilé baba rẹ̀, ṣùgbọ́n Dàhómì ni ó béèrè pé kí wọ́n rán òun lọ. Róòmù ní iṣẹ́ náà kọjá agbára ẹnì kan, kí ó kọ́kọ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ó wá ń lọ láti ìlú dé ìlú ní ilẹ̀ Faransé, ó ń wàásù, ó ń tọrọ owó, ó ń wá ènìyàn. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1856, òun àti ìwọ̀nba ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ara wọn jìn fún iṣẹ́ náà lẹ́sẹ̀ Ìyá wa Màríà ní Fourvière, ní ìlú Lyon.

Nígbà tí ó yá, Róòmù rí i pé ewu Dàhómì pọ̀ jù fún ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fún un ní ilẹ̀ Sàró ní ọdún 1858. Kì í ṣe ibi tí ó béèrè nìyẹn, ṣùgbọ́n ó gbọ́ràn. Kí ó tó lọ, ó fi Fadá Augustin Planque sílẹ̀ ní Lyon láti tọ́jú ilé àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí èyí dáadáa: ẹ̀mí ara rẹ̀ ni ó fi wewu, kò fi iṣẹ́ Ọlọ́run wewu.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 1859, ọkọ̀ rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Freetown. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ń pa àwọn ènìyàn nínú ìlú. Ọ̀gá ọkọ̀ gbà á nímọ̀ràn pé kí ó má sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó ti rán ṣáájú wà níbẹ̀, àwọn onígbàgbọ́ sì wà níbẹ̀. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ó sọ̀kalẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà, lẹ́yìn ọjọ́ 42 péré, ó kú ní ẹni ọdún 45. Kí oṣù náà tó parí, àlùfáà mẹ́ta àti arákùnrin kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ti kú pẹ̀lú.

Lójú ènìyàn, ó parí. Ṣùgbọ́n Planque àti àwọn tí ó wà ní Lyon kò túká. Ní ọdún 1860 Róòmù fi Dàhómì lé wọn lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ọdún 1861, Fadá Francesco Borghero àti Fadá Francisco Fernandez gúnlẹ̀ sí Wídà. Ẹnì kẹta wọn, Fadá Louis Edde, ti kú lójú ọ̀nà ní Sàró, níbi tí a sin Brésillac sí. Láti Wídà ni Ìhìnrere ti tàn dé Àjàṣẹ́, tí ó sì dé ọ̀dọ̀ tiwa. Ní ọdún 1928, ọmọ Dàhómì àkọ́kọ́ gba oyè àlùfáà: Fadá Thomas Mouléro ni, ọmọ Kétu, ọmọ Yorùbá. Ohun tí Brésillac ń fẹ́ ní Íńdíà ṣẹ láàrin wa.

Ní ọdún 2020, Póòpù Francis kéde pé ó gbé ìwà mímọ́ wọ̀ dé ìwọ̀n àwọn akọni nínú ìgbàgbọ́.

Ìwà òmùgọ̀ ha ni pé ó sọ̀kalẹ̀ bí? Rárá. Ẹni tí ń dán Ọlọ́run wò a máa wá ògo ara rẹ̀. Ẹni tí Ọlọ́run rán a máa ṣètò, a máa gbọ́ràn, a sì fi èso lé Olúwa lọ́wọ́. Bí ọmọ wa bá fẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà, ẹ má jẹ́ kí a dí i lọ́nà nítorí a fẹ́ kí ó jogún oko. Bí iṣẹ́ ìjọ bá béèrè ohun tí yóò dùn wá, ẹ jẹ́ kí a rántí hóró àlìkámà tí ó bọ́ sílẹ̀ tí ó sì kú. Èso rẹ̀ ni àwa.

Kí Ọlọ́run fún wa ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀. Àmín.